Ẹ Jọ̀wọ́ Ọjọ́ Sátidé fún Àwọn Ẹnjiníà Wa

Ọ̀ràn tí mo mú wá sí iwájú yín lè dàbí ọ̀ràn kékeré lójú ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ jìn, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó dájọ́.

Ní Sátidé kan tí kò tíì pẹ́, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí mo jẹ́ akọ̀wé rẹ̀ ṣe ìpàdé. Nígbà tí a pe orúkọ, a kò rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ ẹnjiníà. Ó ti di ìpàdé kẹrin tí a kò rí i. Inú bí àwọn àgbà. Ọ̀kan nínú wọn ní ìgbéraga ni. Òmíràn ní bí ọmọ bá ti mọ ìwé tán, kì í mọ ilé mọ́. A bu owó ìtanràn lé e, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ajẹgbèsè. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá sí ilé mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó san owó náà láìjiyàn, ó sì wí pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo máa ń wà ní gbogbo Sátidé. Ó ku ọdún kan kí n parí. Ẹ máa bá mi gba owó ìtanràn náà. N óò máa san án.” Ó dìde, ó lọ. Mo jókòó, mo ń wo owó náà lórí tábìlì, ojú sì tì mí.

Ìtìjú náà ni ó mú mi kọ ìwé yìí. Mo ti wádìí, mo sì ti rí i pé ọmọ yìí kì í ṣe òun nìkan. Láàrin àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ nídìí iná mànàmáná, nídìí omi, nídìí ọ̀nà àti afárá, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọjọ́ márùn-ún ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kàwé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ yìí ni ó ṣe aláìní jùlọ nínú iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ wa, àwa gan-an tí a sì ń ráhùn pé iṣẹ́ ìlú kò dára ni a ń fi ọwọ́ ara wa gba ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní láti fi kọ́ ọ.

Kí ni wọ́n ń kọ́? Ẹni tí mo ń sọ yìí ti gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ tipẹ́, ó sì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń wá. Ohun tí ó ń kọ́ ni a lè pè ní ìṣàkóso iṣẹ́ ẹ̀rọ: bí a ti ń ṣètò iṣẹ́ ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí a ti ń ṣírò iye tí ohun kan yóò náni, kì í ṣe ní ọjọ́ tí a rà á nìkan, bí kò ṣe ní gbogbo ọdún tí a óò fi lò ó, bí a ti ń kọ ìwé àdéhùn tí kò ní di ẹjọ́, bí a ti ń tọ́jú ẹ̀rọ kí ó tó bàjẹ́, bí a ti ń yẹ iṣẹ́ wò kí àbùkù má baà jáde, àti bí a ti ń darí àwọn ènìyàn tí ọgbọ́n wọn kò dọ́gba tí ìwà wọn kò sì bára mu. Oyè gíga kejì, èyí tí a ń pè ní másítà, ni a fi ń dé ẹ̀kọ́ náà ládé. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nǹkan bí ẹ̀kọ́ 10 ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tí ó sì ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ a máa lò tó ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ a máa fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún díẹ̀ kí ó tó wá, nítorí ẹni tí kò tíì jìyà iṣẹ́ tí a kò ṣètò kò ní mọ adùn ètò.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ohun àwámáridìí ni, ẹ jẹ́ kí n fi ìnáwó òkú àgbà ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí a bá fẹ́ ṣe òkú àgbà, iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: a óò pàgọ́, a óò to àga, a óò pe onílù, a óò ra màlúù, a óò dáná. Bí àga bá pẹ́ wákàtí kan, kò sí ohun tí yóò bàjẹ́, nítorí àlejò kò tíì dé. Ṣùgbọ́n bí a kò bá pa màlúù ní ìdájí, ẹran kò ní tètè jinná, ọbẹ̀ kò ní délẹ̀, àlejò yóò sì jókòó ti àwo òfìfo. Ìyá àgbà tí ó mọ ètò kì í dúró ti ẹni tí ń to àga; ìdí màlúù ni ẹ óò bá a. Ní 1957 àti 1958, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ DuPont, àwọn mìíràn lọ́dọ̀ àwọn ológun ojú omi, sọ ọgbọ́n ìyá àgbà yìí di ìṣirò. Wọ́n wá ọ̀nà láti mọ̀, nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ tí ó so kọ́ ara wọn, èwo ni kò gbọdọ̀ pẹ́ rárá, àti èwo ni ó lè dúró díẹ̀. Ọ̀kan nìyẹn nínú ohun tí ọmọ tí a bu ìtanràn lé ń kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú èmi náà rí. Ní ìgbà èwe mi, mo ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ omi ní ìlú kan. Ẹ̀rọ náà kò tíì gbó, àwọn ẹnjiníà tí ó wà nídìí rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Bẹ́árìn kan ṣoṣo ni ó jẹ tán. Kò sí òmíràn ní ilé ìkẹ́rùsí, nítorí kò sí ẹni tí ó ti jókòó ṣírò ìgbà tí yóò jẹ tán. A kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà rìn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì fún oṣù méje, àwọn obìnrin ìlú sì padà sí odò, àìsàn inú rírun sì padà pẹ̀lú wọn. A kò ṣe aláìmọ ẹ̀rọ. Ohun tí a kò mọ̀ ni bí a ti í fi ìṣirò han ẹni tí ó di àpò mú pé owó tí ìlú ń pàdánù ní ọjọ́ kan ju owó irin kékeré náà lọ. A fi èdè irin kọ ìwé sí ẹni tí ó jẹ́ pé èdè owó nìkan ni ó gbọ́.

Bí ó ti rí nínú ohun kékeré ni ó rí nínú ohun ńlá. Ní 1979 ni a dá ilé-iṣẹ́ irin Àjàókúta sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ni a ti ná síbẹ̀, síbẹ̀síbẹ̀ iléru ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin fún wa. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1978, kò gùn ju nǹkan bí kìlómítà 127 lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí tún un ṣe ní 2013. Nígbà tí ọdún 10 fi pé, àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà lójú ọ̀nà. Ṣé a ó wí pé kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń da ọ̀dà ni? Rárá. Èmi kò sì sọ pé ẹ̀bi ẹnjiníà ni. Ọwọ́ òṣèlú wà níbẹ̀, owó tí kò dé lásìkò sì wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé nínú gbogbo ìyẹn, ẹni tí ó kọ́ ìṣàkóso ní ohun ìjà tí ẹni tí ó mọ irin nìkan kò ní. Ó lè dìde níwájú ìgbìmọ̀ kí ó sì fi hàn pé oṣù kan tí owó bá pẹ́ yóò fi iye báyìí kún iṣẹ́. Ó lè kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ohun tí a kò ní agbára àtiparí. Ẹni tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ yóò máa dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀, bí iṣẹ́ bá sì bàjẹ́ tán, òun ni a óò dárúkọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni èyí fún ìran Odùduwà. Ẹ lọ wo Eredo Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà àti òkìtì amọ̀ tí ó yí ilẹ̀ náà ká fún nǹkan bí kìlómítà 160, tí ibòmíràn nínú rẹ̀ sì ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì. Ó ti pẹ́ gan-an tí a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ilẹ̀ nígbà náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́lá. A kò mọ orúkọ àwọn tí ó pín iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí pé ẹnìkan pín in: ẹnìkan mọ ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀, ẹnìkan mọ ibi tí erùpẹ̀ yóò lọ, ẹnìkan mọ oúnjẹ tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò jẹ àti ìgbà tí wọn yóò padà lọ gbin iṣu. Kí ni àáró, bí kò ṣe ètò pé ọwọ́ mẹ́wàá yóò yí káàkiri oko mẹ́wàá láìsí owó? Kí ni ọ̀wẹ̀, bí kò ṣe ìmọ̀ pé iṣẹ́ tí yóò gba ẹnìkan ní oṣù kan yóò gba ogún ènìyàn ní òwúrọ̀ kan, bí oúnjẹ bá ti tó? Àwọn baba wa mọ ìṣàkóso. Àwa ni a yà á kúrò lára iṣẹ́ ẹ̀rọ nígbà tí a gba iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó.

Àwọn Òyìnbó pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Ní 1886 ni Henry Towne dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó wí fún wọn pé ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ṣe pàtàkì bákan náà pẹ̀lú iṣẹ́ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ní 1914, ilé-ẹ̀kọ́ MIT bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ náà. Ní 1967, a dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní yunifásítì tí ó wà ní Rolla, ní ìpínlẹ̀ Missouri, èyí tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ ìṣàkóso iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ náà. Ẹ sì wo àwọn ará Japan. Lẹ́yìn tí ogun ti ba ilé-iṣẹ́ wọn jẹ́, ní 1950, wọ́n pe ọ̀gbẹ́ni Deming láti Amẹ́ríkà. Àwọn ẹnjiníà wọn àti àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wọn jókòó bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń fi ìṣirò yẹ iṣẹ́ wò. Àgbàlagbà ni wọ́n, iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò wí pé àwọn ti kọjá ẹni tí a ń kọ́.

Àwa pàápàá ní ẹ̀kọ́ nínú ìtàn tiwa. Nígbà tí ìjọba Òyìnbó ṣí Yaba Higher College ní gbangba ní 1934, àwọn ọ̀dọ́ Èkó dìde, wọ́n sì dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹ̀sùn wọn ni pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní fún ọmọ wa ní oyè yunifásítì, pé igbákejì Òyìnbó ni ó fẹ́ sọ wọ́n dà, ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní pàṣẹ iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, Samuel Akinsanya, ni ó gorí ìtẹ́ ní 1941 tí ó di Ọdẹ́mọ ti Ìṣarà; ìjà náà kò ṣàjèjì sí ààfin. Lónìí, kò sí òfin kan tí ó sọ pé ọmọ wa gbọdọ̀ jẹ́ igbákejì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ́ wọn ní irin nìkan, tí a sì ń fi ètò, owó àti àdéhùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, igbákejì náà ni wọn yóò máa jẹ́, lórí ilẹ̀ baba wọn, láìsí òfin.

Ẹnìkan lè bi mí pé, èéṣe tí ó fi jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀? Ìdí rẹ̀ rọrùn. Ẹni tí ó ní ìyàwó àti ọmọ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún méjì lọ jókòó sí ilé-ẹ̀kọ́; ta ni yóò bọ́ wọn? Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá kò lè fi ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ sílẹ̀. Àǹfààní pàtàkì kan sì tún wà: ohun tí ó bá kọ́ ní Sátidé, ó lè dán an wò ní ọjọ́ Ajé, bí kò bá sì ṣiṣẹ́, yóò gbé e padà lọ bá olùkọ́ ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ irú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀kọ́ tí ewìrì kò jìnnà sí.

Kíkẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe tuntun láàrin wa. Láti 1858 ni Yunifásítì London ti ṣí ìdánwò oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbé inú ọgbà rẹ̀. Nípa ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi gba oyè nínú ìmọ̀ òwò ní 1944, láti ilẹ̀ wa níhìn-ín, nígbà tí òwò àti ọ̀ràn ìlú wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ìjọba wa sì dá yunifásítì fún irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun tì í ní 1984, ó sì di 2002 kí a tó tún ṣí i. Ta ni ó lè ka iye àwọn ọmọ tí ọdún wọ̀nyẹn fò kọjá lórí wọn?

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí Sátidé fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, ti ọ̀gá ni. Ní Jímọ̀, ọ̀gá gba òwúrọ̀, Mùsùlùmí gba ọ̀sán fún ìrun. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, onígbàgbọ́ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé nìkan ni ó kù, àwa sì ti pín in: ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, òkú, ìpàdé ẹbí, ìpàdé ẹgbẹ́, ìpàdé àdúgbò. Ẹni tí kò bá ra aṣọ ẹbí kò fẹ́ràn ẹbí. Ẹni tí ó rà á tí kò wá, ó burú ju ẹni tí kò rà á lọ. Bí ó bá ṣe obìnrin ni akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹrù rẹ̀ di méjì, nítorí bí ó ti ń sá fún agbada oúnjẹ níta ni a ó máa bi í pé ta ni ó ṣe ọbẹ̀ nílé. Èmi kò kọ àṣà wa. Àpéjọ ni ó mú wa wà ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ni èrè àpéjọ tí a jókòó sí láti máa ráhùn pé kò sí omi, tí a sì bu ìtanràn lé ẹni tí ó lọ kọ́ bí omi yóò ti ṣe wá?

Mo mọ ohun tí a óò fi dá mi lóhùn. Àwọn kan yóò wí pé ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo, pé kí ọmọ mú iṣẹ́ tàbí kí ó mú ìwé. Èmi dáhùn pé eku kan náà ni, ihò méjì ni ó ní; ẹni tí ó bá dí ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò pòfo. Àwọn mìíràn yóò wí pé ìrírí ni olùkọ́ tí ó ga jùlọ. Lóòótọ́ ni ìrírí a máa kọ́ni, ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ́n púpọ̀, ìlú ni ó sì máa ń san án. Ẹlòmíràn yóò ní bí a bá kọ́ wọn tán, wọn yóò ré òkun kọjá. Àwọn kan yóò lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán lọ sí òkè òkun láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ti lọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ ọ níhìn-ín ní Sátidé, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń kọ́ ọ.

Ẹ̀sùn kan kù tí ó wúwo, èmi kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ tì: pé oyè ni ọ̀pọ̀ ń wá, kì í ṣe ìmọ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀. A fẹ́ràn oyè ní ilẹ̀ yìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá sì rí i pé owó wà nínú oyè lè máa tà á. Ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ àbọ̀ ẹ̀kọ́. Bí olùkọ́ kò bá wá ní Sátidé kan, kí a san ọjọ́ náà padà. Kí ìdánwò rẹ̀ le bí ti àwọn tí ń gbé inú ọgbà. Kí àpẹẹrẹ inú ẹ̀kọ́ náà má sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà nìkan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò ohun tí ó ń ná wa láti fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí iná ìjọba bá lọ, kí ó ṣírò afárá abúlé tí àgbàrá ń gbé lọ lọ́dọọdún.

Mo tún fẹ́ kí a ronú lórí èdè. Àwọn tí ẹnjiníà yóò darí ni bíríkìlà, wẹ́dà, káfíńtà àti awakọ̀ tí wọ́n ń sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí gbogbo ètò bá wà lórí ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì lè fi Yorùbá tí ó yéni sọ ọ́ fún ẹni tí yóò fi ọwọ́ ṣe é, ètò náà ti kú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó àti ní Àkúrẹ́, fi èyí kún ohun tí wọn yóò máa bi akẹ́kọ̀ọ́: “Ṣàlàyé ètò rẹ fún bíríkìlà ní Yorùbá.” Ẹni tí kò bá lè ṣe é kò tíì mọ ìṣàkóso.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tí ó bá fi ìwé hàn pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn títí yóò fi parí, kí a sì gba ìwé tí ó bá kọ sí wa dípò ojú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn mọ̀lẹ́bí, kí aṣọ tí kò wọ̀ má di ìjà. Lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kí a má ṣe rán an lọ sí ọ̀nà jíjìn ní ọ̀sán Jímọ̀, kí a sì gbé ọ̀kan nínú ìṣòro ilé-iṣẹ́ fún un kí ó fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Lọ́dọ̀ ẹ̀yin ọba àti ìjòyè, ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu yín ni ó tó. Bí Kábíyèsí bá wí ní gbangba pé ọmọ tí ń kàwé ní Sátidé wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, ta ni yóò tún pè é ní agbéraga? Lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, kí wọ́n mọ̀ pé Sátidé tí a jọ̀wọ́ fún wọn jẹ́ gbèsè. Kí wọ́n padà wá san án nínú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n parí pẹ̀lú ọmọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ó san ìtanràn náà, mo ránṣẹ́ pè é, mo sì bi í léèrè ohun tí yóò kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ lé lórí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, omi ìlú wa ni.” Ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀rọ omi wa fi ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan tí ó sì ń dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti wọn páìpù, ó ti ka ẹ̀rọ. Ohun tí ó kù ni àkọsílẹ̀ àtijọ́: ọjọ́ tí a ra ẹ̀rọ, iye tí a ná, ìgbà tí ó bàjẹ́ àti ẹni tí ó tún un ṣe. Ó ti béèrè ní ọ́fíìsì mẹ́ta, kò rí i.

Ẹ̀yin ará, inú àpótí onírin tí ó wà lábẹ́ ibùsùn mi ni àwọn ìwé náà wà, pẹ̀lú ìwé àwọn ajẹgbèsè tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ọdún púpọ̀ ni ẹgbẹ́ ti fi wọ́n sí ìkáwọ́ mi. Bí kì í bá ṣe pé ó wá san owó tí kò tọ́ kí ó san, èmi kì bá tí mọ̀ pé ó ń wá wọn, òun kì bá sì tí mọ̀ pé wọ́n wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti kó wọn fún un. Owó ìtanràn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi nínú àpò ìwé. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, n óò dìde, n óò sì bẹ ẹgbẹ́ pé kí a dá a padà fún un, kí a sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Sátidé ni ìpàdé náà yóò bọ́ sí. Òun kò ní sí níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ibi tí ó wà.